Másùnmáwo: Ohun Tí Ó Ń Fà Á, Bí A Ṣe Ń Wọ̀n Ọ́n, àti Bí A Ṣe Lè Tọ́jú Rẹ̀

Àwọn àgbà a máa wí pé ara kì í ṣe òkúta. Ẹni tí ó bá dúró ní ẹ̀bá ọ̀nà ọjà ní Kìṣí, ní ìhà àríwá pátápátá ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, yóò rí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà kedere. Obìnrin kan lè gbé apẹ̀rẹ̀ iṣu ńlá lérí, kí ó sì máa rìn bí ẹni tí kò ru ohunkóhun. Òmíràn, tí ẹrù tirẹ̀ kò tó ìdajì ti ẹni ìṣáájú, lè máa wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀ kí òógùn sì bò ó. Bí a bá gbé ẹrù méjèèjì sórí ìwọ̀n, ìwọ̀n kò ní sọ ìdí rẹ̀ fún wa. Ó di ìgbà tí a bá béèrè bí ọ̀nà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn rìn ti jìn tó, bí òṣùká bá wà lórí wọn, bí ẹnìkan bá bá wọn gbé ẹrù náà rù, àti bí ẹnìkan bá ń dúró dè wọ́n lọ́jà láti bá wọn sọ ọ́ kalẹ̀.

Bí ẹrù orí ti rí ni ẹrù ọkàn rí. Ẹrù ọkàn yìí ni a ń pè ní másùnmáwo, orúkọ tí a gbọ́ ìró àìsùn nínú rẹ̀. Ó jẹ́ ipò tí ara àti ọkàn ènìyàn máa ń wà nígbà tí ohun tí ayé ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bá ju agbára rẹ̀ lọ, tàbí tí ó bá dàbí ẹni pé ó jù ú lọ. Kì í ṣe wèrè, kì í sì í ṣe ọ̀lẹ. Ṣùgbọ́n orúkọ méjèèjì wọ̀nyí ni ẹni tí másùnmáwo bá ń dà láàmú sábà máa ń gbà láàrin àwọn ènìyàn rẹ̀. Olùkọ́ a ní akẹ́kọ̀ọ́ náà ya ọ̀lẹ; àwọn ẹbí a ní ayé ti bá a jà; oníṣègùn tí kò gbọ́ èdè rẹ̀ dáadáa a yẹ̀ ẹ́ wò, a ní kò sí ohun tí ó ṣe é, a sì dá a padà sílé.

Èdè Yorùbá kò ṣe aláìní ọ̀rọ̀ nípa nǹkan yìí. Àníyàn ni ìrònú nípa ohun tí ó ń bọ̀. Ìpayà ni ẹ̀rù tí ó dé lójijì. Hílàhílo ni ìdààmú tí kì í jẹ́ kí ènìyàn fi ìdí kalẹ̀. Pákáleke ni ti ìgbà tí nǹkan le koko tí gbogbo ara sì dúró gírí. Làásìgbò ni ìdààmú tí ó bo ilé tàbí ìlú mọ́lẹ̀. Ìrẹ̀wẹ̀sì ni ti ìgbà tí agbára ọkàn bá rọ̀. Ọ̀rọ̀ wọ̀nyí jọra, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ másùnmáwo ọmọ Yorùbá, tí ó fẹ́ wọ̀n ọ́n, tí ó sì fẹ́ tọ́jú rẹ̀, àfi kí ó kọ́kọ́ tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ tí aláìsàn fi ń sọ ọ́. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi hàn nìyẹn.

OHUN TÍ Ó Ń ṢẸLẸ̀ NÍNÚ ARA

Bí àgbẹ̀ kan ní Kìṣí bá ń ro oko rẹ̀, tí ó sì ṣàdédé rí paramọ́lẹ̀ lẹ́bàá ebè, kí ó tó ronú rárá ni ara rẹ̀ yóò ti múra. Àyà rẹ̀ yóò máa lù kìkì, èémí rẹ̀ yóò yára, ẹnu rẹ̀ yóò gbẹ, iṣan ẹsẹ̀ àti apá rẹ̀ yóò le. Ní 1915, Walter Cannon, onímọ̀ nípa iṣẹ́ ara ní Amẹ́ríkà, ṣe àlàyé nínú ìwé kan pé àwọn kókó kéékèèké méjì tí ó wà lórí kíndìnrín ni ó ń da ohun olómi tí a ń pè ní adrenaline sínú ẹ̀jẹ̀ ní irú àkókò bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti fún ara lágbára kí ènìyàn lè jà tàbí kí ó sá. Nígbà tí ejò bá ti lọ, ara a rọ̀, àgbẹ̀ a sì padà sí ìdí ọkọ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ejò ni ó ń lọ. Owó ilé ìwé tí a kò tí ì san kì í wọ inú igbó lọ. Gbèsè kì í sá fún igi. Hans Selye ni ó la ọ̀nà láti mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ewu bá jókòó ti ènìyàn. Ìlú Vienna ni a ti bí i ní 1907, ṣùgbọ́n ìlú Montreal ní ilẹ̀ Kánádà ni ó ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ní 1936 ó tẹ ìròyìn kúkurú kan jáde nípa àwọn eku tí ó fi ṣe ìwádìí. Ó fi òtútù pọ́n àwọn kan lójú, ó mú kí àwọn mìíràn ṣe iṣẹ́ àṣekúdórógbó, ó sì fún àwọn mìíràn ní oògùn tí ó lè pa wọ́n lára. Bí ìyà wọn kò tilẹ̀ dọ́gba, ohun kan náà ni ó rí nínú ara gbogbo wọn: àwọn kókó orí kíndìnrín wú, ẹ̀yà ara tí ó ń ran ara lọ́wọ́ láti bá àrùn jà súnkì, ọgbẹ́ sì yọ nínú ikùn wọn.

Selye wí pé ìpele mẹ́ta ni ara máa ń gbà kọjá. Èkínní ni ìgbà ìdágìrì, nígbà tí ara bá ta gìrì bí àgbẹ̀ tí ó rí ejò. Èkejì ni ìgbà ìfaradà, nígbà tí ara bá kọ́ bí yóò ti máa ru ẹrù náà lọ. Lójú ayé, kò sí ohun tí ó ṣe ènìyàn náà. Ẹ̀kẹta ni ìgbà àárẹ̀, nígbà tí ohun tí ara fi ń fara dà bá tán. Ìpele kejì ni ó léwu jù láwùjọ wa, nítorí pé ibẹ̀ ni a ti máa ń yin ènìyàn pé akíkanjú ni, pé kì í rẹ̀ ẹ́. Ẹni tí a ń yìn ń ná owó tí kò rí, kò sì mọ ọjọ́ tí àpò yóò gbẹ.

Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo másùnmáwo ni ó burú. Ní 1908, àwọn ará Amẹ́ríkà méjì, Yerkes àti Dodson, fi eku ṣe ìwádìí nípa ẹ̀kọ́ kíkọ́. Wọ́n rí i pé nígbà tí ẹ̀kọ́ náà rọrùn, ìnira a máa mú kí eku yára mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀kọ́ náà le, ìnira tí ó pọ̀ jù a máa dí wọn lọ́wọ́. Olùkọ́ tí ó bá rò pé ẹgba ni a fi ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò tí ó díjú yẹ kí ó ronú sí èyí. Ìdánwò tí ó kù sí dẹ̀dẹ̀ lè mú akẹ́kọ̀ọ́ kàwé. Ìbẹ̀rù àṣejù lè mú kí ó gbàgbé ohun tí ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

OHUN TÍ Ó Ń FÀ Á

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ènìyàn nìkan ni ó ń fa másùnmáwo. Ní 1984, Richard Lazarus àti Susan Folkman tẹ ìwé kan jáde ní Amẹ́ríkà láti fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ní ìbéèrè méjì ni ọkàn máa ń bi ara rẹ̀ nígbà tí ìṣòro bá dé. Èkínní ni pé, ǹjẹ́ ohun yìí lè pa mí lára? Èkejì ni pé, kí ni mo ní tí mo lè fi dojú kọ ọ́? Àárín ìdáhùn méjèèjì ni másùnmáwo ń gbé.

Ẹ jẹ́ kí a fi àgbẹ̀ méjì ṣe àpẹẹrẹ. Ní ilẹ̀ ọ̀dàn Òkè-Ògùn, láti Ìsẹ́yìn dé Ṣakí àti Kìṣí, òjò ni ọ̀gá àgbẹ̀. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ń parí lọ, ojú ọ̀run ni gbogbo ènìyàn ń wò. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀, tí àgbẹ̀ sì gbin àgbàdo, tí òjò wá dáwọ́ dúró fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, irúgbìn lè jóná nínú ilẹ̀. Ká ní ohun kan náà dé bá àwọn méjì yìí. Èkínní ní irúgbìn mìíràn nínú àká, ìyàwó rẹ̀ ń ta òrí àti ẹ̀gúsí, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì ṣe tán láti bá a tún ebè kọ. Èkejì yá owó èlé láti fi ra irúgbìn, ọmọ rẹ̀ ń dúró de owó ilé ìwé, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun jẹ gbèsè. Òjò kan náà ni ó kọ̀ láti rọ̀ fún àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n oorun wọn ní òru ọjọ́ náà kò lè jẹ́ ọ̀kan náà.

Bí a bá wo àpẹẹrẹ yìí dáadáa, a ó rí ohun mẹ́rin tí ó ń mú kí ẹrù ọkàn wúwo. Èkínní ni àìlágbára lórí ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀: kò sí ẹni tí ó lè pàṣẹ fún òjò. Èkejì ni àìmọ ìgbà tí yóò dé tàbí tí yóò tán. Ẹni tí a bá sọ fún pé owó oṣù rẹ̀ kò ní wọlé fún oṣù mẹ́ta lè wá ọgbọ́n dá, ṣùgbọ́n ẹni tí a ń sọ “ọ̀la” fún lójoojúmọ́ kò lè dá ọgbọ́n kankan. Ẹ̀kẹta ni pípẹ́ rẹ̀. Ẹ̀kẹrin ni dídá nìkan rù ú. Níbikíbi tí ohun mẹ́rin wọ̀nyí bá pàdé, ibẹ̀ ni kí a máa wá másùnmáwo sí: lọ́dọ̀ opó tí ọmọ pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, lọ́dọ̀ àgbẹ̀ tí ń bẹ̀rù ìjà láàrin àwọn àgbẹ̀ àti darandaran, lọ́dọ̀ ọ̀dọ́ tí ó ti gba ìwé ẹ̀rí ṣùgbọ́n tí kò rí iṣẹ́, àti lọ́dọ̀ àgbàlagbà tí gbogbo ọmọ rẹ̀ ti lọ sí ìlú ńlá. Àwọn Yorùbá ní iṣẹ́ kì í pa ènìyàn, ìṣẹ́ ni ó ń pa ènìyàn. Òtítọ́ pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà, nítorí pé ìṣẹ́ ni ó kó ohun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ sínú ilé kan ṣoṣo.

Ẹ̀KỌ́ LÁTI ABẸ́ÒKÚTA

Fún ìgbà pípẹ́ ni àwọn òyìnbó kan ti rò pé irú ẹrù ọkàn yìí kò sí ní abúlé Áfíríkà. Ní 1953, J. C. Carothers kọ ìwé kan fún Àjọ Ìlera Àgbáyé, nínú èyí tí ó ti sọ pé ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ṣọ̀wọ́n láàrin àwọn ènìyàn dúdú. Ní ilẹ̀ Yorùbá gan-an ni a ti dá a lóhùn.

Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta tí a bí ní 1923, kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní Birmingham, ó sì kọ́ ìṣègùn àrùn ọpọlọ pẹ̀lú. Nígbà tí ó padà sílé, ó gba àbójútó ilé ìwòsàn Aró ní ìlú rẹ̀. Láti 1954 ni ó ti bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri ayé. Dípò kí a máa ti àwọn aláìsàn mọ́lé, ó fi wọ́n wọ̀ sínú ilé àwọn ará abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn náà ká. Ẹbí kan gbọ́dọ̀ tẹ̀lé aláìsàn kọ̀ọ̀kan, kí ó máa se oúnjẹ fún un, kí ó sì máa mú un lọ gba ìtọ́jú. Lambo tún pe àwọn babaláwo àti oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra, kí wọ́n lè jọ ṣiṣẹ́ pọ̀. Kò sọ pé oògùn òyìnbó kò wúlò. Ohun tí ó sọ ni pé oògùn nìkan kò tó fún ẹni tí a já kúrò lára àwọn ènìyàn rẹ̀.

Ní 1961, òun àti Alexander Leighton ti Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà kó àwọn olùwádìí jọ, wọ́n sì lọ sí àwọn abúlé Yorùbá àti apá kan ìlú Abẹ́òkúta láti fi ọ̀rọ̀ wá àwọn ènìyàn lẹ́nu wò. Ìwé tí wọ́n kọ nípa rẹ̀ jáde ní 1963. Wọ́n rí i pé àmì àìbalẹ̀ ọkàn pọ̀ lábúlé gẹ́gẹ́ bí ó ti wà nílùú, àti pé ó pọ̀ jù ní àwọn abúlé tí ìrẹ́pọ̀ wọn ti bàjẹ́. Ohun kan tún wà tí ó yẹ kí ó jẹ àwa tí a ń kọ́ nípa èdè lógún. Nígbà tí a wá orúkọ Yorùbá kan ṣoṣo fún ìrẹ̀wẹ̀sì tí ó di àìsàn, a kò rí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí a béèrè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan nípa àìsùn, ẹkún, àìlókun àti àìnífẹ̀ẹ́ sí iṣẹ́, àwọn ènìyàn mọ̀ wọ́n dáadáa, wọ́n sì ti rí wọn rí. Àìsàn náà wà. Ìbéèrè tí a fi ń wá a ni kò bá ọ̀nà tí àwọn ènìyàn fi ń sọ ọ́ mu.

Ní Aró kan náà ni Raymond Prince, oníṣègùn ọpọlọ láti Kánádà, ti ṣiṣẹ́ láti 1957 sí 1959. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ wá bá a pẹ̀lú ẹ̀sùn kan náà: orí wọn ń gbóná, nǹkan ń rìn wọ́n lórí àti lọ́rùn, ojú wọn ń ṣú nígbà tí wọ́n bá ṣí ìwé, ohun tí wọ́n kà kò sì yé wọn mọ́. Ní 1960 ó kọ̀wé nípa wọn, ó sì lo orúkọ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn ń lò, èyí ni “brain fag”, ìyẹn àárẹ̀ ọpọlọ. Prince rò pé bí ìwé kíkà òyìnbó ti jẹ́ iṣẹ́ àdánìkanṣe ni kò bá ìgbé ayé àjùmọ̀ṣe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà mu. Àwọn kan gba èrò yìí, àwọn mìíràn kọ̀ ọ́. Ó tilẹ̀ ti hàn báyìí pé àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń lo orúkọ náà fún àwọn òǹkàwé tiwọn ṣáájú 1900. Ìwé ìtọ́nà àwọn oníṣègùn ọpọlọ Amẹ́ríkà mẹ́nu kàn án ní 1994, ṣùgbọ́n nígbà tí a tún ìwé náà ṣe ní 2013, a kò fún un ní àyè tirẹ̀ mọ́. Ní 2015 àwọn oníṣègùn tí wọ́n jẹ́ ọmọ Nàìjíríà kọ ọ́ pé orúkọ náà ń kú lọ.

Orúkọ lè kú, ṣùgbọ́n ẹrù kò kú. Ọmọ tí ó ti Kìṣí lọ sí yunifásítì, tí bàbá rẹ̀ ta iṣu oko, tí ìyá rẹ̀ sì kó owó àjọ rẹ̀ lé e lọ́wọ́, kò dá nìkan jókòó sínú iyàrá ìdánwò. Gbogbo ẹbí ni ó jókòó sí èjìká rẹ̀. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá wí pé orí òun ń gbóná, kí olùkọ́ tí ó gbọ́ ọ má ṣe yára wá ọ̀lẹ sí i lára.

BÍ A ṢE Ń WỌ̀N ỌN

Ọ̀nà mẹ́ta ni àwọn onímọ̀ máa ń gbà wọn másùnmáwo. Èkínní ni kí a ka ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ sí ènìyàn. Ní 1967, Holmes àti Rahe ní Amẹ́ríkà to ìṣẹ̀lẹ̀ 43 jọ, wọ́n sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní iye. Ikú ọkọ tàbí aya gba 100, ìkọ̀sílẹ̀ gba 73, ìgbéyàwó gba 50. Ó ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu pé ìgbéyàwó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ayọ̀ pẹ̀lú máa ń béèrè ohun púpọ̀ lọ́wọ́ ẹni. Kò sí ẹni tí ó ti ṣe ìyàwó ní ilẹ̀ Yorùbá tí yóò jiyàn èyí. Àléébù ọ̀nà yìí ni pé ẹrù nìkan ni ó ń wọ̀n, kò wo ọrùn tí ó rù ú.

Ọ̀nà kejì ni kí a wo ara: bí ọkàn ti ń lù sí, bí ẹ̀jẹ̀ ti ń ru sí, àti bí cortisol, ohun olómi mìíràn tí àwọn kókó orí kíndìnrín ń dà, ti pọ̀ tó nínú itọ́. Ó wúlò, ṣùgbọ́n ẹni tí ó sáré àti ẹni tí ẹ̀rù bà lè ní àyà tí ó ń lù bákan náà.

Ọ̀nà kẹta ni kí a bi ènìyàn léèrè. Ní 1983, Sheldon Cohen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwé ìbéèrè kan tí a ń lò káàkiri ayé títí di òní. Irú èyí tí a ń lò jù ní ìbéèrè mẹ́wàá nípa oṣù kan tí ó kọjá; ìdáhùn kọ̀ọ̀kan lè gba òdo dé mẹ́rin, àpapọ̀ rẹ̀ sì lè dé 40. Kì í béèrè iye ìṣòro tí ènìyàn ní. Ó ń béèrè bí ó ti rí lára rẹ̀ sí.

Níbi tí a bá ti ń béèrè ọ̀rọ̀ ni iṣẹ́ onímọ̀ èdè ti bẹ̀rẹ̀. Bí a bá bi ọmọ Yorùbá pé, “Ṣé àlàáfíà ni?” yóò dáhùn pé, “Àlàáfíà ni, a dúpẹ́,” bí ilé rẹ̀ tilẹ̀ ń jó lọ́wọ́. Kò purọ́, ìkíni ni ó dáhùn, kì í ṣe ìbéèrè. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ kì í fẹ́ fi ẹnu ara wọn pe ibi, kí ó má baà dé. Nítorí náà olùwádìí tí ó bá fi ìbéèrè rẹ̀ sí ipò ìkíni yóò kó ọpẹ́ jọ, yóò sì lọ kọ ọ́ pé másùnmáwo kò sí ní Kìṣí.

Ìtumọ̀ pẹ̀lú ní ewu tirẹ̀. “Inú mi kò dùn” lè jẹ́ ìbànújẹ́, ó sì lè jẹ́ pé ẹnìkan ṣẹ ẹni tí ó sọ ọ́. “Orí mi ń gbóná” lè jẹ́ ibà, ó sì lè jẹ́ ìdààmú. “Àyà mi ń já” jẹ́ ti ìbẹ̀rù; “ọkàn mi kò balẹ̀” jẹ́ ti àníyàn; “ó rẹ̀ mí” lè jẹ́ iṣẹ́ oko, ṣùgbọ́n “gbogbo nǹkan sú mi” kì í ṣe ọ̀rọ̀ oko mọ́. Bí ẹnìkan bá sì wí pé “ayé sú mi,” ọ̀rọ̀ náà ti kọjá èyí tí a ń fi máàkì wọ̀n. Kí a dúró tì í, kí a bi í léèrè ní pẹ̀lẹ́ bí ó bá ń ronú láti pa ara rẹ̀, kí a má sì fi í sílẹ̀ lóun nìkan títí yóò fi rí ìrànlọ́wọ́. Bíbéèrè bẹ́ẹ̀ kì í fi èrò náà sí ẹni lọ́kàn. Ó sábà máa ń fún un láàyè láti sọ ohun tí ó ti ń dá nìkan rù.

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Àwọn ará Zimbabwe ti fi hàn pé ó ṣeé ṣe láti ṣe òṣùwọ̀n tí ó bá ènìyàn mu. Nínú èdè Shona, ọ̀rọ̀ kan wà, kufungisisa, tí ó túmọ̀ sí ìrònú àpọ̀jù. Láti inú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni a ti ṣe ìwé ìbéèrè fún wọn. Ní 2006, Dixon Chibanda, oníṣègùn ọpọlọ ní Harare, kọ́ àwọn ìyá àgbà 14 bí a ti ń gbọ́ ẹjọ́ ọkàn, a sì ṣe bẹ́ǹṣì onígi síta àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké, níbi tí ìyá àgbà àti aláìsàn lè jókòó sí. Ìwádìí tí ó jáde ní 2016 fi hàn pé lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ara àwọn tí ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì náà yá ju ti àwọn tí ó gba ìtọ́jú bí a ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀ lọ.

BÍ A ṢE LÈ TỌ́JÚ RẸ̀

Ìtọ́jú másùnmáwo kò yàtọ̀ sí ohun tí obìnrin ọlọ́jà ń ṣe sí ẹrù rẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, a máa tú ẹrù wò. Ìṣòro tí a kò dárúkọ dàbí òru; kò ní ìbẹ̀rẹ̀, kò ní òpin. Bí àgbẹ̀ tí ó jẹ gbèsè bá lè ka iye rẹ̀, kí ó mọ ẹni tí ó yẹ kí ó kọ́kọ́ bẹ̀, kí ó sì mọ ohun tí kò sí lágbára rẹ̀ láti yí padà, yóò rí i pé apá kan ẹrù náà ṣeé sọ̀ kalẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, a máa tọ́jú ọrùn. Oorun tí ó tó, oúnjẹ lásìkò, ìsinmi, ìrìn tàbí eré ìdárayá, wọn kì í ṣe àkẹ́bàjẹ́. Mímí díẹ̀díẹ̀, tí a sì ń jẹ́ kí èémí tí ń jáde pẹ́ ju èyí tí ń wọlé lọ, a máa mú kí àyà rọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó fi gbogbo òru kàwé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò kàwé ju ẹni tí ó sùn lọ, nítorí pé ojú oorun ni ọpọlọ ti ń to ohun tí ó kọ́ jọ.

Òṣùká ni ẹ̀kẹta. Àdúrà, orin, ìtàkúrọ̀sọ abẹ́ igi ní ìrọ̀lẹ́, ọ̀rẹ́ tí a lè bá rẹ́rìn-ín, gbogbo wọn ń ṣe iṣẹ́ òṣùká: wọn kò mú ẹrù kúrò, ṣùgbọ́n wọn kì í jẹ́ kí ó ha ni lórí. Ṣùgbọ́n òṣùká ẹlẹ́gùn-ún wà pẹ̀lú. Ọtí, igbó, àti tramadol tí àwọn kan ń gbé mì kí iṣẹ́ má baà rẹ̀ wọ́n, a máa tù wọ́n lára lónìí, a sì máa gún wọn lọ́la. Ẹni tí kò gbọ́ pé ó rẹ òun kò tí ì bọ́ lọ́wọ́ àárẹ̀.

Ẹ̀kẹrin ni ẹni tí yóò báni gbé e. Àwọn bàbá wa mọ èyí kí ìwé tó dé. Àáró àti ọ̀wẹ̀ kì í ṣe ọ̀nà láti ro oko nìkan. Wọ́n ń mú kí àgbẹ̀ mọ̀ pé bí ọwọ́ òun bá rọ, ọwọ́ mìíràn wà. Àjọ àti èésú ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún oníṣòwò. Ohun tí Lambo rí nìyí nígbà tí ó ní kí ẹbí tẹ̀lé aláìsàn wá sí Aró. Síbẹ̀, kí a má ṣe tan ara wa jẹ. Ẹbí kan náà tí ó ń báni gbé ẹrù lè di ẹrù fúnra rẹ̀, nígbà tí ó bá ń béèrè ayẹyẹ ìsìnkú tí ó ju agbára lọ, nígbà tí ó bá ń fi ọmọ kan wé èkejì, tàbí nígbà tí ó bá fi àìsàn pamọ́ nítorí kí ojú má baà ti ìdílé.

Ìgbà kan sì wà tí ilé nìkan kò tó. Bí oorun, oúnjẹ àti iṣẹ́ bá ti kọ ènìyàn fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí tí ó bá ní ayé sú òun, kí a mú un lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn. Ìtọ́jú wà, ti ọ̀rọ̀ sísọ àti ti oògùn. Ṣùgbọ́n nínú ìwádìí ńlá kan tí Oye Gureje ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe láàrin ènìyàn 4,984 ní Nàìjíríà, tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní 2006, nínú àwọn tí àìsàn ọkàn wọn le, kò tó ẹnìkan nínú mẹ́wàá tí ó rí ìtọ́jú gbà láàrin ọdún kan. Ní oṣù kìíní 2023 ni ìjọba Nàìjíríà fọwọ́ sí òfin tuntun nípa ìlera ọpọlọ, láti rọ́pò èyí tí a jogún láti ayé àwọn òyìnbó. Òfin dára, ṣùgbọ́n Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn jìnnà sí Kìṣí. Kí aláìsàn tó rí oníṣègùn ọpọlọ, olùkọ́, nọ́ọ̀sì, pásítọ̀, àlùfáà àti ìyá àgbà ni yóò kọ́kọ́ gbọ́ ohùn rẹ̀.

Iṣẹ́ wà nínú èyí fún àwọn tí ń kọ́ ẹ̀kọ́ Yorùbá. Bí wọ́n bá lọ sí Kìṣí, Ìgbòho, Ṣakí àti Ìsẹ́yìn láti ṣa ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn fi ń sọ ìdààmú ọkàn wọn jọ, tí wọ́n sì fi ìyàtọ̀ láàrin wọn hàn, iṣẹ́ wọn yóò wúlò fún oníṣègùn gẹ́gẹ́ bí oògùn ti wúlò fún un. Obìnrin tí ó ru iṣu wọ ọjà mọ bí a ti ń kígbe pe ẹni tí yóò bá a sọ ẹrù. Ohun tí ó kù ni kí ẹni tí ó wà nítòsí gbọ́ èdè tí ó fi ń pè é.